Wilkinson Road, Hoskins Close, Young Road: àwọn wo ni wọ́n fi orúkọ wọn sọ àdúgbò wa ní Custom House?

OmoIjeshaE16

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ọdún kẹrin mi rèé ní Custom House, ìlà-oòrùn London níbí, àwa Yorùbá ò kéré ládùúgbò yìí rárá, tẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀ lójú Prince Regent Lane ẹ ò ní ṣàì gbọ́ ẹni tó ń kí ara wọn. Èmi ni mo máa ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, wá bi mí pé Dádì, ta ni Wilkinson? Torí à ń rí Wilkinson Road, Hoskins Close, Young Road kiri àdúgbò. Mo ní bóyá kánsẹ́lọ̀ ayé àtijọ́ ni. Bàbá òyìnbó kan tó ń gbé lódìkejì wa gbọ́ ohun tí mo sọ, ó ní rárá o, àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ni, ó ní pápá ìṣeré ńlá kan ló wà níbi táwọn ilé yìí wà kí wọ́n tó ti í pa ní 1972, wọ́n sì wó o. Ó ní ará Ọsirélíà ni Wilkinson, ará Ọsirélíà náà ni Young, ará New Zealand ni Hoskins.

Ohun tí ò yé mi rèé. Kí ló gbé èèyàn kúrò ní Ọsirélíà láyé ìgbà yẹn, tí kò sí pé à ń wọ bàlúù, wá sí Custom House wá máa fi alùpùpù yípo yípo? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó ràn mí lọ́wọ́ jọ̀ọ́, ọmọ ò tíì gbàgbé ìbéèrè ẹ̀.

AduniIlford

Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá àìmọye ìgbà, mi ò bi ara mi rí. Mo jókòó síbí o.

BabaAlupupu

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, o ṣeun tó o béèrè, ọmọ ẹ náà ṣeun jù ẹ́ lọ. Speedway ni wọ́n ń pe eré yẹn, mo ti ń wò ó láti bí ogójì ọdún tí mo ti wà ní ìlú yìí, ọ̀rọ̀ àwọn tó ti òkè òkun wá yìí sì ni ibi tó dùn jù lọ fún mi nínú ẹ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi, ó máa gùn díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹni mẹ́rin ló máa ń sáré lẹ́ẹ̀kan, ìyípo mẹ́rin, ọ̀nà ẹ̀ rí bí ẹyin, òsì nìkan ni wọ́n ń yà sí. Máṣíìnì ọ̀hún ò ní bíréèkì. Ẹ kà á dáadáa, kò ní bíréèkì rárá. Láyé ìgbà yẹn ìyókù èédú jíjó ni wọ́n máa ń fọ́ tẹ́ ojú ọ̀nà, ó máa ń ta sókè bí òjò dúdú lu àwọn tó dúró létí pápá. Ẹni àkọ́kọ́ á gba póíǹtì mẹ́ta, ẹnì kejì méjì, ẹnì kẹta ẹyọ kan, ẹni ìkẹyìn ò ní nǹkan. Eré kan ò ju ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ lọ.

Hoskins tó o rí orúkọ ẹ̀ yẹn, Johnnie Hoskins, ará New Zealand tó lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà ni. Ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní West Maitland ló wà, òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń ṣe àfihàn ohun ọ̀gbìn níbẹ̀. Wọ́n ń wá owó, ó wá dá a lábàá pé kí wọ́n tan iná mànàmáná sí pápá lálẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin máa fi alùpùpù sáré. 15 December 1923 nìyẹn. Àwọn kan máa ń sọ pé òun ló dá eré yìí sílẹ̀, èmi ò ní lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ torí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fi alùpùpù sáré lórí ọ̀nà ẹṣin oníyẹ̀pẹ̀ kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó dé, ṣùgbọ́n látọ̀dọ̀ Hoskins ló ti di nǹkan tí èrò ń sanwó wá wò lóròòru. Ó dé Sydney, ó dé Brisbane, ó dé Perth. Láàárín ọdún mẹ́ta mẹ́rin àwọn ọmọkùnrin kan ti wà ní Ọsirélíà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa sáré yìí lọ.

Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Wọ́n gbìyànjú ní Camberley ní May 1927, orí iyanrìn, apá ọ̀tún ni wọ́n tiẹ̀ ń yà sí, kì í ṣe ohun tí à ń pè ní speedway gan-an nìyẹn. Èyí tó dá gbogbo nǹkan sílẹ̀ ni ti High Beech, inú igbó Epping, lẹ́yìn ilé ọtí kan tí wọ́n ń pè ní King's Oak, 19 February 1928. Kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ yín rárá. Bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn làwọn tó ṣètò ẹ̀ ń retí, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ni pé ó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n tó ya dé. Èrò kún etí ọ̀nà, èrò kún àárín pápá, okùn nìkan ló wà láàárín wọn àti máṣíìnì. Ará Ọsirélíà méjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Billy Galloway àti Keith McKay. Àlejò ti wà nínú ẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ẹ.

OmoIjeshaE16

Bàbá ẹ ṣé gan-an ni sà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n nínú igbó! Ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa bá a lọ, báwo wá ni àwọn tó kù ṣe dé?

BabaAlupupu

Ọkọ̀ ojú omi ni. Bí High Beech ṣe kẹ́sẹ járí báyìí, gbogbo ẹni tó ní pápá ajá sísá ló fẹ́ eré yìí, àmọ́ àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní A. J. Hunting, tó ti ń ṣe é ní Brisbane, kó àwọn tiẹ̀ wá lọ́dún 1928 yẹn náà, Vic Huxley wà nínú wọn, Frank Arthur náà wà níbẹ̀. Hoskins kó tiẹ̀ wá láti Perth, Ron Johnson, Sig Schlam, Charlie Datson. Látọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún wá síbí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lórí omi, wọ́n á gba Fremantle, wọ́n á gba Colombo, wọ́n á gba Suez, alùpùpù wọn wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú wọn.

Ẹ wá wo bí ọdún wọn ṣe ń rí. Eré ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà Àjíǹde, á parí ní October. Ìgbà tí òtútù bá ń wọlé níbí ni oòrùn ń mú lọ́dọ̀ wọn ní Ọsirélíà, eré tiwọn náà sì ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wọ ọkọ̀ padà sílé, wọ́n á sáré níbẹ̀ títí March, wọ́n á tún wọ ọkọ̀. Àwọn kan ṣe báyìí fún ọdún mẹ́wàá, ó ju oṣù méjì lọ lọ́dún lórí òkun, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì lọ́dún kan. Ẹni tó bá ti fi ilé sílẹ̀ rí tó ń lọ tó ń bọ̀ á mọ ohun tí mò ń wí.

MekaniikiMokola

Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá sọ ti máṣíìnì díẹ̀, torí iṣẹ́ mi nìyẹn, Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́.

Ẹni tó bá ti gun máṣíìnì lórí ọ̀nà oníyanrìn mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá dé kọ̀nà tẹ́ ẹ fún un níná jù, táyà ẹ̀yìn á fẹ́ sá lọ lábẹ́ yín. Àwa máa ń dín iná kù ni. Àwọn ará Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà yìí ò dín in kù, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ìdí máṣíìnì yọ̀ síta, ọwọ́ wọn á wà lápá ọ̀tún nígbà tí gbogbo ara ń lọ sósì, iná ò sì gbọ́dọ̀ kúrò nínú ẹ̀ torí iná yẹn gan-an ló gbé e dúró. Tí wọ́n bá pa iná lójijì, táyà á gbá ilẹ̀ mú, á jù wọ́n sókè sórí odi. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí bíréèkì o, ẹni tó bá tẹ bíréèkì láàárín ẹni mẹ́rin tó ń yọ̀ báyìí, ti ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá a. Ẹsẹ̀ òsì ló ń wọ́ ilẹ̀, bàtà irin ni wọ́n ń so mọ́ ọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Douglas ló gbayì, máṣíìnì gígùn tó rẹlẹ̀, sìlíńdà ẹ̀ méjèèjì dùbúlẹ̀, ọ̀kan dojú kọ iwájú ọ̀kan dojú kọ ẹ̀yìn, ó máa ń yọ̀ dáadáa tí ilẹ̀ bá nípọn. Rudge náà ṣe bẹbẹ díẹ̀. Láti 1930 wọ́n ṣe ẹ́ńjìn JAP ti speedway, 500cc, ní Tottenham níbẹ̀ yẹn, ẹ́ńjìn yẹn jọba fún ọgbọ̀n ọdún. Methanol ni wọ́n ń bu sí i, kì í ṣe pẹtiróòlù. Kì í gbóná bíi pẹtiróòlù, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè fún afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ pọ̀ gan-an láìjẹ́ pé ẹ́ńjìn á bàjẹ́. Mo ti tú ọ̀kan wò rí, ní ibi àfihàn alùpùpù àtijọ́ kan, ẹni tó ni ín ló fún mi láyè. Kò sí nǹkan kan lára ẹ̀ tí kò níṣẹ́. Ó wù mí títí di òní.

BabaAlupupu

Mẹkáníìkì, ọmọ ọ̀gá! O sọ ọ́ ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Kí n fi kún un pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gùn ún. Àwọn kan máa ń na ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, kí ó máa wọ́ tẹ̀lé wọn, àwọn kan á nà án síwájú. Àwọn tó ń nà án sẹ́yìn ló dùn ún wò jù, wọ́n á tẹ̀ tán, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ sùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí èédú ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́, àwọn tó ń na ẹsẹ̀ síwájú ló ń yá jù, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn sì ń dín kù.

AduniIlford

Ẹ̀gbọ́n àti Bàbá, ẹ dárúkọ Amẹ́ríkà. Ta ni ará Amẹ́ríkà nínú wọn? Ṣé obìnrin kankan ò sì sí nínú ẹ̀ ni?

BabaAlupupu

Àdùnní ọmọ mi, wọ́n wà. Ará Amẹ́ríkà tó kọ́kọ́ gba ìlú ni Lloyd Elder, ará California, Sprouts ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ó ga, ó tín-ín-rín. Ó ti sáré ní Ọsirélíà kó tó wá síbí ní 1928, ó tún sáré dé Ajẹntínà. Máṣíìnì kékeré Harley tí wọ́n ń pè ní Peashooter ló kọ́kọ́ fi ń pa idán. Owó tí wọ́n ń san fún un pé kó ṣáà yọjú ju ohun tí òṣìṣẹ́ kan ń gbà lóṣù lọ dáadáa, torí tí wọ́n bá ti lẹ orúkọ ẹ̀ mọ́ ògiri, èrò á kún. Nígbà tó fi eré sílẹ̀, ó padà sílé lọ di ọlọ́pàá ojú pópó, ó tún ń gun alùpùpù.

Obìnrin náà wà, Fay Taylour, ọmọ Ireland. Òun ló ṣe òdìkejì ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe, òun wọ ọkọ̀ láti ìhín lọ sí Ọsirélíà ní 1929, ó sáré ní Perth àti àwọn ìlú mìíràn, ó tún dé New Zealand, ó sì na ọkùnrin níbẹ̀, àwọn ògbólógbòó náà o. Ó padà dé, 1930 ni wọ́n wá ní àwọn ò fẹ́ obìnrin lórí pápá speedway ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ó lọ ń fi mọ́tò sáré. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, torí ìgbà tí ọwọ́ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ni wọ́n ti ilẹ̀kùn.

AduniIlford

Ó dun èmi náà. Na ọkùnrin tán, ẹ̀san ẹ̀ nìyẹn.

SemiuLeeds

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ó dùn, ṣùgbọ́n mo ní àtakò kan. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí ó dà bí ẹni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn jókòó tí àlejò ń kó owó wọn lọ. Àwọn ọmọ ibí náà kọ́ ọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Èmi ń gbé ní Leeds, Eric Langton ọmọ Leeds ni, kò kéré sí ẹnikẹ́ni nínú wọn.

BabaAlupupu

Sèmíù, mi ò bá ẹ jiyàn lórí Langton, mo ṣì ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí ná. Ní 1929, ìwé ìròyìn Star gbé ife kan kalẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n jù. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n dá a sí méjì, ọ̀kan fún ọmọ ilé, ọ̀kan fún àlejò, torí wọ́n gbà pé tí wọ́n bá pa á pọ̀, àlejò ló máa kó o. Roger Frogley gba ti ọmọ ilé, Frank Arthur gba ti àlejò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n wá pa á pọ̀. Ta ló gbà á? Vic Huxley, ọmọ Brisbane. 1931 ńkọ́? Ray Tauser, ará Amẹ́ríkà. Ó di 1932 kó tó kan ọmọ ibí, Eric Langton tìẹ yẹn ni. Tom Farndon gbà á ní 1933, Jack Parker ní 1934, Frank Charles ní 1935. Ẹ rí i báyìí, ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì kọ́ ọ dáadáa.

SemiuLeeds

Bàbá, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ti 1930, tí Ọsirélíà àti England kojú ara wọn fúngbà àkọ́kọ́. Ọsirélíà ló na wọ́n ní Wimbledon lóṣù June, 35 sí 17, gbogbo ayé ní ó ti parí. Mẹ́rin tó kù, England ló kó gbogbo ẹ̀. 4 sí 1 ló parí sí. Láàárín oṣù díẹ̀ péré! Ìyẹn ni mo fi ní kí ẹ má gbàgbé ọmọ ilé.

BabaAlupupu

Òótọ́ lo sọ, mo fọwọ́ sí i. Mo tún máa fi kún un pé nígbà tó yá àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà nígbà òtútù ibí, Jack Parker yẹn lọ títí tí àwọn ará Sydney fi mọ̀ ọ́n bí ọmọ ìyá wọn. Lílọ bíbọ̀ ni.

OmoIjeshaE16

Bàbá, ẹ forí jì mí, Wilkinson ńkọ́? Ọmọ mi tún bi mí láàárọ̀ yìí.

BabaAlupupu

Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀, òun gan-an ló fà á tí mo fi ń kọ gbogbo èyí.

Arthur Wilkinson lorúkọ ẹ̀, Bluey ni wọ́n ń pè é. Irun pupa ló ní, àwọn ará Ọsirélíà sì máa ń pe onírun pupa ní Bluey, bí ẹni ń pe pupa ní aró. Bathurst ló dàgbà sí, ní New South Wales. 1929 ló dé, West Ham ló bá lọ, ìyẹn pápá tó wà lórí ilẹ̀ yín níbẹ̀ yẹn, kò sì sáré fún ẹgbẹ́ míì ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì títí tó fi parí. Hoskins ló wá di ọ̀gá tó ń darí pápá náà láàárín àwọn ọdún 1930. Ẹ wò ó, ará New Zealand lọ́gàá, ará Ọsirélíà ni ààyò èrò, àwọn tó ń pariwo fún wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ebúté àti àwọn ìyàwó wọn láti Canning Town, láti Plaistow.

Ní 1936 wọ́n gbé ìdíje àgbáyé kalẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́, àṣekágbá ẹ̀ wà ní Wembley, 10 September, èrò lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin. Eré márùn-ún ni kálukú máa sá lálẹ́ ọjọ́ náà. Bluey sá márààrún, ó gba ipò kìíní ní márààrún. Póíǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Kò sẹ́ni tó nà án. Ipò kẹta ni wọ́n fún un.

Ẹ dúró kí n ṣàlàyé. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní ìdíje tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ọjọ́ yẹn náà gbọ́dọ̀ kà, wọ́n wá gbé póíǹtì àjẹmọ́nú wọlé. Bluey gbé 10 wá, àpapọ̀ ẹ̀ di 25. Lionel van Praag, ọmọ Sydney tó ń sáré fún ẹgbẹ́ Wembley, gbé 12 wá, ó gba 14, ó di 26. Langton ti Sèmíù gbé 13 wá, ó gba 13, ó di 26. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì tí Bluey nà lálẹ́ yẹn ṣe lọ kojú ara wọn lórí ife. Langton já okùn ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Langton wà níwájú, ìyípo kìíní, ìkejì, ìkẹta, ó di kọ̀nà tó kẹ́yìn pátápátá, van Praag rí àlàfo kan, ó ki iwájú máṣíìnì bọ̀ ọ́, kò tó gígùn táyà kan tó fi jù ú lọ. Ará Ọsirélíà ló kọ́kọ́ gba ife àgbáyé, ọmọ ilé ìkejì, Bluey tí ẹnikẹ́ni ò nà ṣe ìkẹta. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn fún ọdún púpọ̀, ojú mi ò gbà á rí. Póíǹtì àjẹmọ́nú ni wọ́n fi gba ife lọ́wọ́ ẹ̀.

MekaniikiMokola

Háà! Ẹni tí ò pàdánù eré kankan? Ìrẹ́jẹ gbáà ni.

SemiuLeeds

Ó dun Langton náà o, gígùn táyà kan péré. Àwọn ará ibí tó dàgbà ṣì ń sọ ọ́.

BabaAlupupu

Ní 1937 ńkọ́, àwọn ará Amẹ́ríkà kó gbogbo ẹ̀, Jack Milne ìkíní, Wilbur Lamoreaux ìkejì, Cordy Milne àbúrò Jack ìkẹta. Ará California ni wọ́n. Jack ti pàdánù àtàǹpàkò kan nínú ìjàǹbá lórí pápá lọ́dún tó ṣáájú, ó padà wá, ó sá eré márùn-ún, ó gba márààrún. Ó di 1981 kí ará Amẹ́ríkà míì tó tún gba ife yẹn.

Ó wá kan 1938. Bluey ṣubú lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá, ó fi èjìká ṣèṣe. Wọ́n fi báńdéèjì dì í. Ó lọ sí Wembley, ó sáré pẹ̀lú èjìká yẹn, póíǹtì mẹ́rìnlá ló gbà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àpapọ̀ 22 sí 21 ti Jack Milne, ife di tiẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó fi eré sílẹ̀. Ó padà sílé ní Ọsirélíà, àti pé ní 1940, lójú títì lásán, kì í ṣe lórí pápá, ó ń gun alùpùpù lọ ní Sydney ni ìjàǹbá ọkọ̀ pa á. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹ, ṣùgbọ́n fi apá tó kẹ́yìn yẹn sílẹ̀ títí á fi dàgbà díẹ̀ sí i.

OmoIjeshaE16

Mo ka èyí fún ìyá ẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

AduniIlford

Bàbá, ṣé ọ̀pọ̀ wọn ló kú báyìí? Ó dà bíi pé ewu ẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó wà níbi tí kò ní ẹbí.

BabaAlupupu

Wọ́n ò kéré, Àdùnní. Sig Schlam tí mo dárúkọ lókè, tó tẹ̀ lé Hoskins wá, padà sí Perth, ó sì kú lórí pápá Claremont ní 1930. Lẹ́yìn ogun, Ken Le Breton wà, ará Ọsirélíà tó ń sáré fún ẹgbẹ́ Ashfield ní Glasgow. Aṣọ funfun láti òkè dé ilẹ̀ ló máa ń wọ̀ nígbà tí gbogbo wọn ń wọ dúdú, àwọn ọmọdé Glasgow fẹ́ràn ẹ̀ débi pé Iwin Funfun ni wọ́n ń pè é. January 1951, ó lọ sílé fún eré ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, Ọsirélíà ń kojú àwọn tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá ní Sydney, ó ṣubú, ó kú. Ìlú méjì ló sunkún ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ogun náà mú púpọ̀ nínú wọn kúrò nídìí eré. 1939 wọn ò lè ṣe àṣekágbá torí ogun ti bẹ́. Van Praag di awakọ̀ òfurufú, àwọn ará Japan yìnbọn lu ọkọ̀ ẹ̀ ní 1942, wọ́n já sínú òkun, òun àti ẹnì kan gbé àwọn méjì tó farapa lé omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí wọ́n fi dé èbúté. George Medal, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà, ni wọ́n fún un. Morian Hansen, ará Dẹ́nmáàkì tó wà nínú àṣekágbá 1936 yẹn, wọ iṣẹ́ ológun òfurufú ìlú Gẹ̀ẹ́sì, òun náà gba George Medal, ó tún gba DFC, àmì ẹ̀yẹ àwọn ológun òfurufú. Ìlú rẹ̀ kọ́ ni, àmọ́ ó jà fún un.

SemiuLeeds

Ti Hansen yẹn ò yé mi rí tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣé Bàbá. Young ló kù o, kí ọmọ má baà tún pe ẹjọ́.

BabaAlupupu

Jack Young, ọmọ Adelaide. Nígbà tó gba ife àgbáyé ní 1951, Edinburgh ló wà, ìpele kejì ni Edinburgh, kò tíì sí ẹni tó ti ìpele kejì gba ife yẹn rí. West Ham rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní 1952 ó tún gbà á, lórúkọ pápá tó wà lórí ilẹ̀ yín. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá àwọn tó rí i sọ̀rọ̀, ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé kò fi agbára ṣe é, ó kàn jókòó jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan àwọn New Zealand. Ronnie Moore dé Wimbledon, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó sì wọ àṣekágbá àgbáyé lọ́dún yẹn gan-an, 1950. Ní 1954 ó gbà á, ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń di egungun. Ó tún gbà á ní 1959. Barry Briggs tẹ̀ lé e wá láti Christchurch, ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun gbà á, 1957, 1958, 1964, 1966. Ivan Mauger náà ti Christchurch wá, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìlú kan ṣoṣo!

MekaniikiMokola

Bàbá, irú ẹsẹ̀ wo ni wọ́n fi sìmẹ́ńtì dì tí wọ́n tún fi ń gun máṣíìnì? Tó bá jẹ́ ti òsì, èwo ló wá ń wọ́ nílẹ̀?

BabaAlupupu

Mẹkáníìkì, ẹnu rẹ gbọn. Máa bá mi wò ó, èmi náà á lọ tú àwọn ìwé ìròyìn mi.

OmoIjeshaE16

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Lẹ́yìn ilé ìwé lónìí mo mú un rìn, a bẹ̀rẹ̀ láti Hoskins Close, mo sọ ti iná mànàmáná àti àfihàn ohun ọ̀gbìn fún un, a dé Young Road, mo ní ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà á. Nígbà tá a dé Wilkinson Road mo sọ ti póíǹtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó dúró, ó fi ìka kà á, mẹ́ta lọ́nà márùn-ún, ó ní Dádì, ta ló wá nà án? Mo ní kò sẹ́ni tó nà án. Ó ní ṣé wọ́n ti bẹ̀ ẹ́?

Kẹ̀kẹ́ ọmọdé tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan tì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa kò gun ún bó ṣe máa ń gùn ún tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀, tó bá sì dé kọ̀nà tó yẹ ká yà sí ọ̀tún, á yí òsì yípo títí á fi dojú kọ ibi tá à ń lọ.